Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Ìdílé Gladstone àti Oko Ìrèké Demerara

Nínú ìtẹ̀jáde wa tó kọjá, a mẹ́nu ba ìdílé Gladstone, ìdílé oníṣòwò ará Skọ́tlándì kan tí àwọn àtọmọdọ́mọ wọn lọ tọrọ àforíjì ní orílẹ̀-èdè Guyana ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023 nítorí àwọn ẹrú tí bàbá ńlá wọn fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Demerara. Lẹ́tà tí ọ̀rọ̀ náà fà kò kéré. Àwọn kan ń béèrè, àwọn kan ń bínú, ẹnì kan sì sọ pé a ń wú òkú tó ti jẹrà. A yan díẹ̀ nínú wọn, a gé àwọn tó gùn kúrú, a sì fi ìdáhùn sí wọn.

Ìbéèrè: *Olóòtú, ẹ kọ ọ́ pé John Gladstone, bàbá William Gladstone tó ṣe olórí ìjọba Ilẹ̀ Ọba, ní oko àti ẹrú ní Demerara, ẹ sì tún kọ ọ́ pé kò fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí. Báwo ni ọmọ oníṣòwò ọkà láti Leith ṣe di olówó ẹrú ní òdìkejì òkun láìkúrò nílé?*

Ìdáhùn: Ìwé ló fi ṣe é: ìwé gbèsè, ìwé ìdógò àti ìwé ìṣirò owó. Ní ọdún 1764 ni wọ́n bí John Gladstone ní Leith, èbúté ìlú Edinburgh, níbi tí bàbá rẹ̀, Thomas Gladstones, ti ń ta ọkà. (John fúnra rẹ̀ ló gé lẹ́tà tó kẹ́yìn orúkọ náà kúrò.) Ní 1787, ó kó lọ sí Liverpool, ó sì bá oníṣòwò ọkà kan tó ń jẹ́ Edgar Corrie dòwò pọ̀. Ọkà ni òwò wọn níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n Liverpool ìgbà náà kì í ṣe ìlú tí ènìyàn ti lè tajà pẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ má kan ṣúgà, òwú tàbí kọfí tó ń ti Kàríbẹ́ànì bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí òwò náà ṣe ń rìn, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Olóko tó wà ní Demerara kò lè ṣe ohunkóhun láìsí owó. Ó ní láti ra irin iṣẹ́, ìkòkò irin tí wọ́n fi ń se omi ìrèké, aṣọ àti oúnjẹ, ó sì ní láti ra ènìyàn. Ilé iṣẹ́ oníṣòwò tó wà ní Liverpool, Glasgow tàbí London ló ń yá a ní owó yìí. Oníṣòwò náà ni yóò kó ẹrù ránṣẹ́ sí i nínú ọkọ̀ ojú omi, yóò sì gba owó ẹrù. Nígbà tí ìrèké bá di ṣúgà, olóko yóò fi ṣúgà náà ránṣẹ́ sí oníṣòwò yìí kan náà, òun ni yóò bá a tà á, yóò yọ owó alágbàtà, yóò yọ owó adójútòfò, yóò yọ èlé orí gbèsè, ohun tó bá sì ṣẹ́kù ni ti olóko. Bí ìrèké kò bá ṣe dáadáa, tàbí tí iye ṣúgà bá já wálẹ̀ ní ọjà, kì í sí ohun tó ń ṣẹ́kù, gbèsè ni yóò máa gun orí gbèsè. Ohun tí olóko sì fi dógò fún gbèsè náà ni ilẹ̀, ẹ̀rọ ìfúnrèké, ẹran ọ̀sìn àti ènìyàn, tí wọ́n kọ gbogbo wọn sínú ìwé kan náà. Ẹ má ṣe fi wọ́n wé ìwọ̀fà o. Ìwọ̀fà ń sin gbèsè ara rẹ̀ tàbí ti ẹbí rẹ̀, ọjọ́ tí gbèsè bá sì tán ni ó ń lọ sílé. Ẹrú Demerara kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Gbèsè ẹlòmíràn ni wọ́n fi í dúró fún, kò sì sí ọjọ́ ilé.

Ọ̀nà yìí ni John gbà wọlé. Ní ọdún 1803, ó yá oko kan tí wọ́n ń pè ní Belmont lówó lórí ìdógò. Ní 1812, ó gba ìdajì oko Success, ìdajì yòókù sì bọ́ sí i lọ́wọ́ ní 1816, ó sì yí oko náà sí ìrèké. Ní 1826, ó ra Vreed-en-Hoop pẹ̀lú àwọn ènìyàn inú rẹ̀, tí wọ́n lé ní 400, ní £80,000. Ìyípadà sí ìrèké yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ìrèké kò ṣeé gé kalẹ̀ kí a máa wò ó. Bí wọ́n bá ti gé e ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún un, bí wọ́n bá ti fún un ni wọ́n gbọ́dọ̀ sè é, tí iná kì í kú lábẹ́ ìkòkò tọ̀sán tòru ní àkókò ìkórè.

Ní Liverpool, John ń di ènìyàn ńlá. Òun ni alága ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Liverpool tó ń bá Kàríbẹ́ànì ṣòwò, ó sì wà ní Ilé Aṣòfin láti 1818 títí di 1827. Ajẹ́lẹ̀ rẹ̀ ní Demerara ni Frederick Cort, tó ń kọ lẹ́tà sí i pé ara àwọn ẹrú le, pé wọ́n ń jẹun yó, pé inú wọn dùn. Lẹ́tà wọ̀nyí ni John gbé ara lé ní 1823, nígbà tí òun àti James Cropper, oníṣòwò Liverpool mìíràn tó kórìíra òwò ẹrú, ń fi ìwé ìròyìn ìlú náà ta ko ara wọn. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn èyí, ní 1828, ó rán ọmọ rẹ̀ Robertson lọ sí Demerara láti lọ fojú rí oko. Robertson rí i pé ọ̀lẹ àti ẹlẹ́tàn ni Cort, wọ́n sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ní tèmi, ibí yìí ni mo ti rí ìwà ọkùnrin náà jù lọ: nígbà tí ẹ̀sùn jẹ́ ti ìlera àwọn ẹrú, ọ̀rọ̀ Cort tó ó gbà gbọ́, ìgbà tí ọ̀ràn di ti iye ṣúgà tó ń wọlé ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán ènìyàn lọ wádìí.

Ìbéèrè: *Ṣé òun náà wà lára àwọn tó ń fi ọkọ̀ kó ènìyàn wa láti Áfíríkà?*

Ìdáhùn: Kì í ṣe ohun tí a mọ̀ ọ́n sí nìyẹn. Inú oko, ṣúgà, ọkọ̀ ẹrù àti owó yíyá ni ọrọ̀ rẹ̀ ti wá, òfin Ilẹ̀ Ọba sì ti ka kíkó ẹrú gba orí òkun léèwọ̀ láti 1807, kí oko Success tó bọ́ sí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé òfin 1807 kò dá ẹnikẹ́ni tó ti wà nínú oko sílẹ̀. Rírà àti títà ń lọ láàárín àwọn olóko, ọmọ tí ẹrúbìnrin bá bí, ti olóko ni, ẹni tó bá sì ra oko ra gbogbo ohun tí àwọn ọkọ̀ ti kó wá ṣáájú. Òǹkọ̀wé yìí kò rí ìyàtọ̀ púpọ̀ láàárín ẹni tó kó ẹrù wá àti ẹni tó bá ẹrù náà lórí ilẹ̀ tó sì sanwó rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ìgbà náà ń sá pamọ́ sí.

Ìbéèrè: *Mo rí i pé ẹnì kan tó ń jẹ́ Jack Gladstone ló darí ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú ní Demerara. Ṣé ẹbí John Gladstone ni, àbí orúkọ ló kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn?*

Ìdáhùn: Kì í ṣe ẹbí, orúkọ náà kò sì ṣèèṣì pàdé. Orúkọ olówó rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Ẹrú ni Jack ní oko Success, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kíkan àwọn agbá tí wọ́n ń kó ṣúgà sí. Quamina ni bàbá rẹ̀, tó jẹ́ olórí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà oko náà. Áfíríkà ni wọ́n ti bí Quamina. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n tà á pẹ̀lú ìyá rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn Akan, tí wọ́n ń sọ ọmọkùnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tí ó dàgbà, ó di díákónì ní ilé ìjọsìn Bethel tó wà ní oko Le Resouvenir, níbi tí òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Smith, ti ń kọ́ àwọn ẹrú ní Bíbélì.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1823, Ilé Aṣòfin ní London fọwọ́ sí i pé kí wọ́n dín ìyà àwọn ẹrú kù. Ìjọba kọ̀wé sí àwọn gómìnà pé wọn kò gbọ́dọ̀ na obìnrin ní ẹgba mọ́, àti pé kí alábòójútó má ṣe mú pàṣán lọ́wọ́ lọ sí oko mọ́. Lẹ́tà náà dé Demerara ní oṣù Keje, ṣùgbọ́n Gómìnà John Murray kò kéde rẹ̀. Àwọn olóko ń jiyàn lé e lórí nídìí oúnjẹ, wọ́n sì gbàgbé pé ẹni tó ń bu oúnjẹ fún wọn ní etí. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi gba gbogbo etíkun ìlà-oòrùn kan pé Ọba ti fún ẹrú ní òmìnira, àwọn olówó wọn ló jókòó lé e. Jack gbà á gbọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò. Bàbá rẹ̀ ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù. Ohun tí òun fẹ́ ni kí gbogbo ẹrú jọ gbé àdá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà títí ìjọba yóò fi sọ òtítọ́.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ, oko Success ló kọ́kọ́ dìde, ó sì ràn dé àwọn oko tó tẹ̀ lé ara wọn lẹ́bàá òkun. Àwọn tó dìde tó 10,000, àwọn òpìtàn mìíràn sì ní wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n ṣe yẹ kí a wò dáadáa. Wọ́n wọ ilé alábòójútó, wọ́n gba ìbọn, wọ́n sì kan ẹsẹ̀ àwọn òyìnbó mọ́ àbà, àbà kan náà tí wọ́n ti máa ń kan ẹsẹ̀ ẹrú mọ́. Òyìnbó tó kú nínú ọ̀tẹ̀ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti wà kò pọ̀ rárá. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Bachelor's Adventure, nǹkan bí 2,000 ẹrú péjọ síwájú àwọn ọmọ ogun tí Ọ̀gágun Leahy kó wá. Àwọn ẹrú sọ ohun tí wọ́n fẹ́, òmìnira tàbí ọjọ́ mélòó kan lọ́sẹ̀ tí yóò jẹ́ tiwọn, ó ní kí wọ́n kó ohun ìjà sílẹ̀, wọ́n kọ̀, ó sì ní kí àwọn ọmọ ogun yìnbọn. Iye ẹrú tí wọ́n pa kí ọ̀tẹ̀ náà tó rọlẹ̀ lé ní 200. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìgbẹ́jọ́, wọ́n sì ń so àwọn mìíràn kọ́.

Quamina, tí a kò rí ẹ̀rí pé ó gbé ohun ìjà rárá, sá wọ igbó. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n yìnbọn pa á, wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà sí Success, wọ́n sì fi ẹ̀wọ̀n so ó kọ́ sí ẹ̀bá títì níwájú oko tó ti ń ṣiṣẹ́. Wọn kò pa Jack. Wọ́n gbé e lọ sí erékùṣù St Lucia. Wọ́n dájọ́ ikú fún John Smith, òjíṣẹ́ Ọlọ́run, pé òun ló kó ọ̀rọ̀ sí àwọn ẹrú lórí, àìsàn sì pa á ní ẹ̀wọ̀n ní oṣù Kejì ọdún 1824, kí ìwé ìdáríjì tí Ọba fi ránṣẹ́ tó dé. Ikú òyìnbó kan ṣoṣo yìí ló mi àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jù. Wọ́n jiyàn rẹ̀ ní Ilé Aṣòfin, wọ́n sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì kiri, ó sì ti ọ̀rọ̀ òmìnira síwájú. Bí wọ́n ti sọ̀rọ̀ 200 tó kù sí, ẹ lè rò ó.

Òpópónà kan wà ní Georgetown, olú ìlú Guyana, tí wọ́n fi sọrí Gómìnà Murray. Ní ọdún 1985, ìjọba yọ orúkọ Murray kúrò, wọ́n sì fi ti Quamina síbẹ̀.

Ìbéèrè: *A kì í fi ẹ̀ṣẹ̀ bàbá bi ọmọ. William Gladstone ṣe olórí ìjọba lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó ja fún àwọn tálákà, ó sì ja fún Ireland. Èé ṣe tí ẹ fi ń fa orúkọ rẹ̀ wọ inú ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọdé?*

Ìdáhùn: A gbà pé ó ṣe olórí ìjọba lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín 1868 àti 1894, a sì gbà pé èrò rẹ̀ yí padà lórí ọ̀pọ̀ nǹkan bó ṣe ń dàgbà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọdé. Ní 1809 ni wọ́n bí i ní Liverpool. Nígbà tí 1832 ń parí lọ, ó ti wọ Ilé Aṣòfin gẹ́gẹ́ bí aṣojú Newark. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1833, nígbà tí òfin òmìnira wà lórí tábìlì, ó dìde láti gbèjà oko bàbá rẹ̀. Aṣòfin kan, Lord Howick, ti tọ́ka sí Vreed-en-Hoop pé bí ṣúgà ṣe ń pọ̀ sí i níbẹ̀ ni ẹrú ń kú sí i, pé iṣẹ́ ló ń pa wọ́n. William fèsì pé ènìyàn jẹ́jẹ́ ni alábòójútó oko náà, pé iṣẹ́ ìrèké le ju àwọn iṣẹ́ oko yòókù lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n pé ohun mìíràn ló fa ikú wọn. Ó fara mọ́ òmìnira, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì sanwó fún àwọn olówó ẹrú. Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde nìyí, kì í ṣe ti bàbá rẹ̀.

Ìbéèrè: *Èló ni ìdílé náà gbà nígbà tí òmìnira dé, ta ló sì san owó náà?*

Ìdáhùn: Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 1834 ni òfin òmìnira bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìjọba Ilẹ̀ Ọba ya £20 mílíọ̀nù sọ́tọ̀, tó tó ìdá 40 nínú 100 gbogbo ohun tí ìjọba ń ná lọ́dún nígbà náà, láti fi ṣe owó gbà-má-bínú fún àwọn olówó ẹrú. Àwọn ẹrú kò gba kọ́bọ̀. Ìyẹn nìkan kọ́: òfin tún sọ wọ́n di ọmọ iṣẹ́ ọ̀ranyàn, tí wọn yóò máa bá àwọn olówó wọn àtijọ́ ṣiṣẹ́ láìgbowó fún wákàtí tó pọ̀ jù nínú ọ̀sẹ̀, wọn kò sì bọ́ nínú ìyẹn títí di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 1838.

Àwọn kọmíṣọ́nnà ní London ni wọ́n ń pín owó náà. Ẹni tó bá ní ẹ̀tọ́ yóò kọ ìwé wá, yóò sọ oko àti iye ènìyàn inú rẹ̀, tí wọ́n ti pín sí ìsọ̀rí: àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú oko, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn ìránṣẹ́ inú ilé, àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà, àwọn arúgbó. Ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀, iye náà sì yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Èyí tí wọ́n ń san lórí ẹnì kan ní ilẹ̀ Guyana ju ìlọ́po méjì ti Jàmáíkà lọ, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì tuntun, ṣúgà inú rẹ̀ sì pọ̀. Ẹni tó bá di ìdógò mú lórí oko náà lè gba owó yìí bíi ẹni tó ni oko gan-an, nítorí náà ni owó púpọ̀ ṣe wọ àpò àwọn oníṣòwò Glasgow, Liverpool àti London tí wọn kò rí ìrèké lórí ìdúró rí. John Gladstone gba £106,769 lórí ènìyàn 2,508 nínú oko mẹ́sàn-án, ní Guyana àti ní Jàmáíkà, iye tó wà lára àwọn tó ga jù lọ tí ẹnì kan gbà.

Ní ti ẹni tó san án, gbèsè ni ìjọba jẹ láti rí owó náà, 2015 ni wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ san ìyókù rẹ̀ tán. Ìyẹn ni pé àwọn ọmọ Kàríbẹ́ànì tó kó lọ sí Ilẹ̀ Ọba láti ọdún 1948 wá, tí wọ́n ń wa bọ́ọ̀sì tí wọ́n sì ń tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn, owó orí tiwọn náà wà lára ohun tí wọ́n fi san gbèsè tí ìjọba jẹ nítorí àwọn tó ni bàbá ńlá wọn.

John fi owó tirẹ̀ sí ibi tó lérè. Ó ti ra Fasque, ilé ńlá kan pẹ̀lú ilẹ̀ tó gbòòrò ní ìlà-oòrùn Skọ́tlándì, ó ra ìpín nínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n fi í joyè baronet ní 1846, ó sì kú ní 1851.

Ìbéèrè: *Báwo ni àwọn ọmọ Íńdíà ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Guyana? Ṣé ó kan ọ̀rọ̀ yìí?*

Ìdáhùn: Ó kàn án gan-an, John Gladstone fúnra rẹ̀ ló sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó mọ̀ pé nígbà tí ìdè bá tú, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún un kò ní dúró. Ní oṣù Kìíní ọdún 1836, ó kọ̀wé sí Gillanders, Arbuthnot, ilé iṣẹ́ oníṣòwò kan ní Calcutta, ní Íńdíà, pé kí wọ́n bá òun wá òṣìṣẹ́ tí yóò tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ọdún mélòó kan. Ìdáhùn tí wọ́n kọ padà ní oṣù Kẹfà ọdún náà wà nínú ìwé títí di òní: wọ́n ní kò ní sí ìṣòro, nítorí pé àwọn ènìyàn náà kò mọ ohunkóhun nípa ibi tí wọ́n ń lọ tàbí bí ìrìn àjò náà yóò ti pẹ́ tó. Wọn kò kọ ọ́ bí ẹni tó ń kìlọ̀. Ìdánilójú ni wọ́n fi ń fún oníbàárà wọn.

Ọkọ̀ méjì, Whitby àti Hesperus, gúnlẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 1838 pẹ̀lú nǹkan bí 400 ènìyàn, wọ́n sì kó lára wọn lọ sí Vreed-en-Hoop. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé London pé wọ́n ń nà wọ́n, pé àìsàn àti ikú pọ̀ láàárín wọn, tí ìjọba fi dá ìkó-ènìyàn náà dúró fún ọdún mélòó kan kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ ní àárín ọdún 1840 sí 1850. Lónìí, àwọn àtọmọdọ́mọ ará Íńdíà ni ẹ̀yà tó pọ̀ jù ní Guyana, ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún sì jẹ́ ọjọ́ ìsinmi ìjọba níbẹ̀. Ní Leith, ṣọ́ọ̀ṣì St Thomas tí John fi owó rẹ̀ kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1840 ti di ilé ìjọsìn àwọn ẹlẹ́sìn Sikh, àwọn tí bàbá wọn ti Íńdíà wá. Kò sí ẹni tó ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: *Ṣé àforíjì ọdún 2023 náà tó? Ṣé ìdílé yìí nìkan ló sì yẹ kó tọrọ rẹ̀?*

Ìdáhùn: Mo bẹ̀rẹ̀ láti apá kejì. Kì í ṣe àwọn nìkan. Ẹni tó bá rìn ní àárín gbùngbùn ìlú Glasgow yóò rí òpópónà Jamaica, yóò rí Glassford, yóò rí Buchanan, tí wọ́n fi sọrí ilẹ̀ àti oníṣòwò táábà àti ṣúgà. Ilé tí William Cunninghame, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́lá oníṣòwò táábà, kọ́ ní 1778 ló di ilé ìṣàfihàn iṣẹ́ ọnà ìlú náà. Ní ọdún 1778 yìí kan náà ni ilé ẹjọ́ gíga Skọ́tlándì dá Joseph Knight láre, ọkùnrin tí John Wedderburn rà ní Jàmáíkà tó sì mú wá sílé, pé òfin Skọ́tlándì kò mọ ẹrú. Ìyẹn ni pé àwọn oníṣòwò yìí mọ̀ dájú pé ohun tí wọ́n ń ṣe lókèèrè, wọn kò lè ṣe é nílé.

Ní ti àforíjì, mélòó kan nínú ìdílé Gladstone lọ sí Yunifásítì Guyana ní ọdún tó pé 200 tí ọ̀tẹ̀ Demerara ṣẹlẹ̀, wọ́n tọrọ àforíjì ní gbangba, wọ́n sì ṣèlérí £100,000 fún iṣẹ́ ìwádìí ní yunifásítì náà. Ààrẹ Guyana, Irfaan Ali, ti sọ ṣáájú pé àforíjì láìsí ìsanpadà kò pé, ohun tí ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Kàríbẹ́ànì náà ń sọ láti nǹkan bí ọdún 2013 nìyẹn. Àwọn kan nínú àwùjọ tó wà níbẹ̀ gbé pátákó lọ́wọ́ pé àwọn kò gbà. Yunifásítì Glasgow, tó gbé ìwádìí jáde ní 2018 nípa ẹ̀bùn tó gbà lọ́wọ́ àwọn olówó ẹrú, ṣe àdéhùn ní 2019 láti wá £20 mílíọ̀nù láàárín ogún ọdún fún iṣẹ́ pẹ̀lú Yunifásítì West Indies.

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó dìde lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìdílé tó jọ tiwọn dákẹ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣirò kò gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀wọ̀. £100,000 ti 2023 kò tó £106,769 ti John gbà, bí a bá tilẹ̀ ka ponùn kan sí ponùn kan, láìka èlé, láìka ohun tí owó ìgbà náà lè rà, láìka iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún tí wọn kò sanwó rẹ̀. Ẹni tó bá ní ó tó, ẹ ní kí ó fi ìwé ìṣirò rẹ̀ hàn wá.

Ìbéèrè: *Níbo ni mo ti lè wo orúkọ àwọn olówó ẹrú àti ti àwọn ẹrú fúnra wọn?*

Ìdáhùn: Yunifásítì UCL ní London ti kó àkọsílẹ̀ gbogbo àwọn tó gba owó gbà-má-bínú sí orí íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́ orúkọ Legacies of British Slavery, ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì lè fi orúkọ ènìyàn tàbí ti oko wá a. Orúkọ àwọn olówó àti iye ni ẹ máa rí jù níbẹ̀. Fún orúkọ àwọn ẹrú, ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí ìjọba ní kí olóko máa kọ láti nǹkan bí 1817 ni kí ẹ wò, tó wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Kew, lábẹ́ àmì T 71. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń kọ ọ́ ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, ó sì máa ń sọ orúkọ, ọjọ́ orí, iṣẹ́, àti bóyá Áfíríkà ni wọ́n ti bí ẹni náà tàbí inú oko. Ẹ fi orúkọ oko bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi orúkọ ìdílé bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n kọ orúkọ kan ṣoṣo sí.